Ẹ̀rọ Omi Mi Ti Dára

Ẹ má tíì sọ fún Ìyá Kúbúrátù.
Ẹ̀rọ omi mi ti dára láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá.
Lámídì tó tún un ṣe ti gbowó rẹ̀, ó ti lọ,
omi ń tú yàà nínú ilé mi ní Òdógbólú,
síbẹ̀ mo gbé garawa,
mo forí lé kànga wọn lówùúrọ̀ yìí.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti kọ́ ilé náà.
Mo mọ odi yí i ká, mo to ìgò fífọ́ sórí odi,
mo gbẹ́ omi tèmi, mo ra jẹnẹrétọ̀ tèmi,
mo ní kí n má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu,
kí ẹnikẹ́ni má yọ mí.
Ọgbọ̀n ọdún ní Ṣúúrùlérè ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀:
kí èèyàn kí aládùúgbò láti inú mọ́tò,
kí ó sì tètè yí gíláàsì sókè.
Mo pè é ní àlàáfíà.
Bóyá àlàáfíà náà ni.
Ó kàn dákẹ́ jù ni.

Àfìgbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ lóṣù Ẹrẹ́nà.
Ọṣẹ ṣì ń hó lórí mi nígbà tí omi dá.
Mo pe Lámídì; Lámídì wà níbi òkú ní Àgọ́-Ìwòyè.
Ló bá ku garawa ọ̀dà
tí àwọn akunlé fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé,
èmi àti sílípáàsì mi, lẹ́nu géètì.

Ìtìjú ò jẹ́ kí n gbójú sókè.
Ìyá Kúbúrátù kò tilẹ̀ bi mí léèrè ohunkóhun.
Ó ní, "Bàbá Onígéètì, ẹ tò sẹ́yìn Mùsílíù."
Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo lórúkọ ládùúgbò.

Mo tò.
Mùsílíù tẹ́lọ̀ ló wà níwájú mi, òwú funfun lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀;
Mosúnmọ́lá wà lẹ́yìn mi nínú aṣọ ilé ìwé.
Okùn ń lọ, okùn ń bọ̀,
ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀,
kò sì sí èyí tó ṣe gbòógì níbẹ̀:
gààrí tó tún gbówó lérí,
ewúrẹ́ Odùkọ̀yà tó jẹ aṣọ lórí okùn,
ẹni tí ikọ́ ń ṣe,
ẹni tí a kò rí láti ìjẹta.
Èyí tó kẹ́yìn yìí ló mú mi dúró.
Wọ́n ń ka ara wọn bí adìẹ ṣe ń ka ọmọ rẹ̀,
láìla ẹnu.

Lọ́jọ́ kẹta, mo dá sí i.
Ìjẹ̀bú ìyá mi ti dógùn-ún lẹ́nu mi.
Mùsílíù rẹ́rìn-ín títí omi ọwọ́ rẹ̀ fi dànù,
ó wá tún un pè fún mi, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́.

Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lóṣù Èbìbí,
mi ò pe ẹnikẹ́ni.
Garawa mi ni kò débẹ̀ lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kejì.
Tó fi di ọ̀sán, géètì ń dún gbàgà-gbàgà:
Mosúnmọ́lá ru omi,
Ìyá Kúbúrátù gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ dání,
ó bú mi kó tó kí mi.
"Ṣé ẹ rò pé afọ́jú ni gbogbo wa ni?"
Mo jẹ ẹ́ tán. Iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.
Láti ọdún mẹ́rin, oúnjẹ àkọ́kọ́ nìyẹn
tó wọlé mi lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìyá mi a máa ní èèyàn laṣọ òun.
Ní kékeré, mo rò pé òwe ẹni tí kò láṣọ ni.

Bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, tí kànga wọn bá gbẹ,
màá jẹ́wọ́, màá ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu.
Ṣùgbọ́n òjò ṣì ń rọ̀.
Lówùúrọ̀ yìí, táǹkì mi kún, ó ń dà sílẹ̀ ṣọ̀ọ̀.
Mosúnmọ́lá gbọ́ ọ. Ó wo odi mi,
ó wo garawa ọwọ́ mi,
kò sọ nǹkan kan.
Ó kàn sún sẹ́yìn díẹ̀
kí n lè ráyè tò síwájú òun.