Ìgò Tí Kò Lórúkọ

Oòrùn kò tíì yọ lórí odò Meghna
tí ọkọ̀ Nilufa fi gúnlẹ̀ sí etí omi wa.
Àpótí yìnyín wà lórí itan rẹ̀,
ó rọra dì í mú bí ìkókó.
Èmi, Torik, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni mo gba okùn.
"Kí ló wà níbẹ̀?"
"Kọ́lẹ́rà."
Mo ju okùn sómi.

Nilufa rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi mì.
"Òkú kọ́lẹ́rà ni, ọmọ yìí.
Iná ti pa á; kò lè bí mọ́, kò lè bù ọ́ jẹ.
Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n:
àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ìfun rẹ yóò tú ẹ̀wù òkú yìí wò,
wọn yóò rọ ọfà tó bá a mu wẹ́kú,
wọn yóò sì fi díẹ̀ pamọ́ sí àjà.
Lọ́jọ́ tí omíyalé bá gbé alààyè rẹ̀ wọlé,
wọn kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè pé, 'Ta nìyẹn?'"

"Ta ló mọ̀ pé kò ní pa èèyàn?"
Ó ní kí n lọ bi Moyna, ẹ̀gbọ́n mi.

Eku ló kọ́kọ́ mu ún, Moyna wí.
Lẹ́yìn eku, ogún àgbàlagbà ní Dhaka
tí wọ́n fọwọ́ síwèé,
tí wọ́n sì lè sọ nígbàkigbà pé àwọn ò ṣe mọ́.
Lẹ́yìn wọn, àwa.
Ìgò méjì tó jọra bí ojú méjì,
omi lásán nínú ọ̀kan,
nọ́ńbà lára wọn, kò sórúkọ.
Nilufa tó ń fún wa mu gan-an kò mọ èwo ni èwo,
kí ìrètí má baà bá wa ka àbájáde.

Lóṣù kejì, Habul apẹja dákú.
Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko,
nítorí ọkùnrin kan ṣoṣo.
Ẹja olóró ló jẹ. Egungun rẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò.

Mọ́kàndínlógún ṣàìsàn nínú àwọn tó mu omi;
nínú àwọn tó mu oògùn, mẹ́rin.
Mẹ́rin kì í ṣe òdo. Nilufa kò fi pamọ́.

"Ìwọ ńkọ́, kí lo mu?"
Moyna wo ìsàlẹ̀ ife rẹ̀.
"Omi.
Ọdún méjì ni mo fi yangàn lórí omi!"
Wọ́n ti wá a wá, wọ́n ti fún un ní ti gidi,
síbẹ̀ ó ṣì ń bínú.

Mo gbé ìgò tèmi sẹ́nu. Ó ń ta bí irin.
"Ẹ má dẹ́kun àti máa se omi mímu o,"
Nilufa ké láti àárín odò,
okùn tí mo jù sómi ṣì ń kán
tó, tó, tó, lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.