Ilé Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Nínú àfonífojì Cwmdulas, níbi tí òjò kì í jìnnà,
ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mò ń mú lẹ́tà dé
tí wọ́n kọ Davies sára ilẹ̀kùn.
Orúkọ kan náà, bí aṣọ iléèwé
tí ìyá kò fi ní mọ ọmọ tirẹ̀ lókèèrè.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń fi nǹkan kún un:
Davies Oníbúrẹ́dì. Davies Pósí, tó ń sin òkú.
Davies Eyín-Kan, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́.
Davies Lọ́la,
tó jẹ gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ní gbèsè.
Davies lèmi náà kí n tó fẹ́ Pugh,
kí n tó tún kọ Pugh sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ka ìwé ìròyìn ní ilé epo,
omi ń kán sí etí ìwé.
Ojú ewé ẹ̀yìn: Davies gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì
ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn,
ẹrẹ̀ dé etí rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.
Ojú ewé kẹrin: Davies ní òun kò mọ̀ sí owó afárá náà,
òun kàn ń fi ipò sílẹ̀
kí òun lè ráyè gbọ́ ti ìdílé òun.
Ojú ewé kọkànlá, lókè ìpolówó bàtà:
Davies yóò ti ilé iṣẹ́ páànù pa kí ọdún tó parí.

Eirlys tó ń ta epo ní, "Ẹbí yín mà pọ̀ nínú ìròyìn!"
Mo ní ẹbí mi kọ́.
Àfi ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù.
Bí ọmọ bá dára, wọ́n á ní ti bàbá ni;
bí orúkọ bá dára, ti gbogbo wa ni.

Ọjọ́bọ̀ ni àpò mi kún.
Àpòòwé funfun, tẹ́ẹ́rẹ́, fèrèsé ọ̀rá kékeré níwájú:
Davies, Davies, Davies.
N kò ṣí ọ̀kankan. Òfin iṣẹ́ ni.
Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kàndínlógún ti kọ́ ọwọ́ mi
bí ìròyìn burúkú ṣe ń wọ̀n:
ó máa ń fúyẹ́.

Davies Lọ́la ló ṣí tirẹ̀ lójú mi.
Ó kà á sókè bí ẹni ń ka Bíbélì fún ìjọ:
"Ọ̀gbẹ́ni Davies ọ̀wọ́n, ó dùn wá púpọ̀..."
Ìfọwọ́sí aláwọ̀ búlúù wà nísàlẹ̀. Davies.
Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣófo.
"Ó wá dà bí ẹni pé èmi ni mo kọ̀wé sí ara mi
pé kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́."
A rẹ́rìn-ín. Kò yẹ ká rẹ́rìn-ín.

Mo fi ilé kan sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn,
mo kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Bàbá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀,
ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì.
Ó gba àpòòwé náà, kò wo ojú rẹ̀,
ó fi í sábẹ́ ìkòkò tíì,
ó sì fa àga kan fún mi.

"Ọmọ wa," ó ní, "ó gbá a wọlé, àbí?"

Mo ní, "Ó gbá a wọlé, Bàbá."