Ẹni Tó Ń Gbá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mi

Ọdún mẹ́rin ni mo fi rò pé afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́
ló ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsọ̀ mi ní Wàǹdó.
Bí mo bá dé láàárọ̀, ilẹ̀ á mọ́ fínífíní,
ojú ìgbálẹ̀ á hàn lára iyanrìn bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà.
Mà á ṣílẹ̀kùn, mà á pàtẹ okùn àti bọ́tìnnì mi,
n kò bi ara mi léèrè afẹ́fẹ́ wo ló lọ́wọ́.

Òjò oṣù kẹfà ló mú mi dé kí wọ́n tó pe ìrun,
mò ń sáré bọ̀ nítorí òrùlé tó ń jò.
Ọkùnrin kan dìde lórí páálí,
ó ká a sí mẹ́rin bí ẹni ń ká aṣọ òkè,
ó ní, “Ẹ má bínú, ìyá. Mi ò tíì gbálẹ̀.”

Ẹlẹ́páálí làwọn ọmọdé ń pè é.
Èmi náà ti pè é bẹ́ẹ̀ rí, kí n má purọ́.
Mo ti sọ pé ọ̀lẹ ni, pé oògùn ló ń mu,
pé ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n kì í sun ìta.
Ó ní ẹ̀gbọ́n. Mẹ́ta ni wọ́n, ní Pọ́bẹ̀.

Mùsẹ̀díìkù ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.
Bẹntiróòlù inú ìgò ló ń tà lójú ọ̀nà Ìgòlò,
ìgò ràbàtà tó ń pọ́n bí oyin lóòrùn ọ̀sán.
Iná sọ nínú yàrá tó háyà,
ó jó yàrá, ó jó ti aládùúgbò,
ó jó ìwé ìbí rẹ̀, kò jó o.
Ẹnikẹ́ni kò lé e. Ojú ló ń tì í.
Ó ní òun dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n òun lálẹ́ ọjọ́ kan,
òun gbọ́ tí abọ́ oúnjẹ ń dún, òun padà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ẹni tí kò nílé tí a ó wò ńkọ́?
Páálí la wò.

Kúbúrátù àbúrò mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní mẹ́rì,
ló ní ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé.
A wá ẹlẹ́rìí tó lè búra pé lóòótọ́ ni wọ́n bí i.
Akọ̀wé ò gbójú sókè: “Ibo lò ń gbé?”
Ó dákẹ́. Ó ń wo bàtà rẹ̀.
Mo ní, “Kọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi síbẹ̀.”
Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló sá fún wa.
Ó ta aṣọ ìbora tí mo fún un,
mo bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ṣépè díẹ̀,
ó padà wá, ó ti gbálẹ̀ kí n tó dé.
Bíríkìlà tó ń tún ilé Àgùdà àtijọ́ kan ṣe
gbà á kó máa po yẹ̀pẹ̀.
Ẹ̀yìn ìyẹn ni yàrá: òrùlé páànù, fèrèsé kan, kọ́kọ́rọ́ kan.

Mo rò pé yóò jó. Kò jó.
Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi sùn sẹ́nu ọ̀nà, níta,
kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Ó ní òrùlé ń wo òun.
Ó ní nínú yàrá, òun kì í gbọ́ ẹni tó ń bọ̀.
Ilé làbọ̀ sinmi oko, lóòótọ́,
ṣùgbọ́n oko tí ọkùnrin yìí ti ń bọ̀ jìn;
ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ara ṣì wà lọ́nà.
A kò tì í wọlé. Kúbúrátù gbé ẹní fún un,
ó ní kó máa fà á wọlé ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lálaalẹ́.

Ó ṣì ń wá gbálẹ̀ fún mi ní ìdájí.
Mo ní ó tó, ó ní gbèsè ni.
Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí mo dé,
tí mo bá èèpo ẹ̀pà nílẹ̀, àti ìyẹ́ adìyẹ.
Àyà mi já. Mo gun sẹ́míjàn lọ bá a.
Ìyàwó onílé ń fọ abọ́, ó fìka sẹ́nu:
“Ó tilẹ̀kùn látinú. Ó ń hanrun.”

Mo padà sí Wàǹdó.
Mo wá ìgbálẹ̀ títí,
n kò mọ ibi tó máa ń fi í sí.