Iye Tuntun

Ní Hefei, kílẹ̀ tó mọ́ tán,
Miao Yunfen ti gun àkàsọ̀,
ó ń fi èékánná ha iye àná kúrò lára gíláàsì.
Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí.
Àwọn ti òdìkejì títì ló kọ́kọ́ já owó wálẹ̀,
ọ̀gá pè é lóru:
"Já tiwa náà. Kó relẹ̀ ju tiwọn lọ."

Ọkọ̀ ò mọ̀ pé ìjà ń lọ.
Ó dúró, ó ń mu iná jẹ́jẹ́,
kò hó, kò rú èéfín.

Aago mẹ́sàn-án, Bàbá Ge wọlé,
tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
tó ra tirẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.
Ó wo iye tuntun. Kò pariwo.
Ó gba tíì, ó ń fẹ́ ẹ títí ó fi tutù.
"Ọmọ mi, ká ní mo sùn di ọjọ́ Ẹtì,
ǹ bá ti di ọlọ́rọ̀."

Yunfen rẹ́rìn-ín, ojú tì í.
Erin méjì ń jà:
ṣé koríko lòun ni,
àbí eyín erin?

Lódìkejì títì,
ẹnìkan tún gbé àkàsọ̀ jáde.