Erùpẹ̀ Abẹ́ Ayunrẹ́

Ní Nóforíjà, níbi tí ilẹ̀ ti ń di iyanrìn,
òtili mi ti èṣí kò ga ju kókósẹ̀ lọ.
Ewé rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe.
Mo da omi sí i. Mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i.
Mo dá a lẹ́jọ́. Kò gbọ́.

Sáúdátù ọmọ Rájí, tó lọ kọ́ṣẹ́ oko,
ló mú mi lọ sábẹ́ ayunrẹ́ ẹ̀yìn ilé Ìyá Múnírátù,
ibi tí ọkọ́ kò dé láti ìgbà tí bàbá mi ti wà lápọ́n.
Ó fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó."
Mo wò. N kò rí nǹkan kan.
Ó gbé gbòǹgbò kan sókè sí oòrùn:
fọ́nrán funfun, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ,
ó so gbòǹgbò mọ́ erùpẹ̀, ó so erùpẹ̀ mọ́ra wọn.

"Èbu nìyí," ni mo wí.
"Èbu ni, bàbá. Ẹ bù ú."

Ohun tó bu ni mo bù, tí wọ́n fi ń bú mi.
Kóńgò mẹ́ta, mo gbé e gba iwájú mọ́ṣáláṣí.
Wàídì ní ṣé ilé ni mo fẹ́ fi rẹ́ ni.

Ogójì ọ̀rá píọ́wọ́tà, mo fi ìṣó lu ìdí wọn.
Ogún gba ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ irúgbìn;
ogún gba iyanrìn lásán, kí ojú lè rí ìyàtọ̀.
Sáúdátù kìlọ̀: ẹ má yan án, ẹ má sá a sóòrùn,
ẹ má rọ ajílẹ̀ àpò lé e lórí.
Ẹni tó ti yó kì í wá alágbàro.

Ọjọ́ mẹ́wàá, dọ́gbadọ́gba. Díẹ̀ ló kù kí n dà á nù.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, ewúrẹ́ Wàídì jẹ mẹ́ta,
àwọn elébu nìkan ló sì ṣà jẹ.
Ewúrẹ́ ti mọ̀ ṣáájú mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà mo tú ọ̀kan wò, lábẹ́ àtùpà.
Gbòǹgbò kò gùn tó bí mo ṣe rò.
Nǹkan mìíràn ló ń bá a dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé,
tó ń ha iyọ̀ ilẹ̀ bọ̀ wálé fún un,
tí òtili ń fi ṣúgà ewé san owó iṣẹ́ rẹ̀,
láìkọ ìwé, láìpe ẹlẹ́rìí.

Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń sun igbó, tí mo ń yí ilẹ̀,
tí mo ń já okùn tí n kò mọ̀ pé ẹnì kan so.

Wàídì wá lánàá. Kò kí mi.
Ike ọ̀dà òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní,
"Ọ̀nà ayunrẹ́ yẹn, ọ̀tún ni àbí òsì?"