Iná Kò Mọ̀wé

Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Háláfáàsì,
ní ilẹ̀ Yọ́kíṣà tí òjò kì í fẹ́ dá,
Mykhailo jókòó lórí àgbá,
ó ti ìkòkò tábà bọnu, ó ṣáná sí i.
Lẹ́tà pupa gàdàgbà wà lára àgbá náà:
INFLAMMABLE.

Ẹ má pè é ní òpè.
Ọmọ Yukréènì ni, ogun ló gbá a débẹ̀,
ìwé atúmọ̀ èdè kan ṣoṣo ló fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì
lálaalẹ́, nínú yàrá tó háyà.
Ó ti rí i pé bí “in” bá ṣáájú ọ̀rọ̀,
ohun tó tọ̀nà a di èyí tí kò tọ̀nà,
ohun tí à ń rí a di èyí tí a kò rí.
Ó bá ṣírò rẹ̀: èyí kò lè gbiná.
Ìṣirò rẹ̀ pé. Èdè náà ni kò pé.

Àì tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀.
Àìsùn ni àìsùn, kò di oorun rí.
Ṣùgbọ́n “in” tiwọn, ẹlẹ́nu méjì ni:
lónìí, a ní “rárá”;
lọ́la, a ṣílẹ̀kùn, a ní “iná, máa wọlé.”

Iná jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀,
ó jó ọwọ́ òsì rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Mavis Sugden, tó ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì, kò sọ nǹkan kan.
Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ó dúró sẹ́yìn,
ó fi ọ̀bẹ tí a fi ń bó ànàmọ́
fá IN kúrò lára àgbá mọ́kànlélógójì.
Máníjà bú u lọ́jọ́ Ajé:
“Ta ló ní kí o tún èdè Ọbabìnrin ṣe?”
“Ọwọ́ Mykhailo ni, ọ̀gá.”

Nílé, Clifford ọkọ rẹ̀ ń wúkọ́.
Ogún ọdún ló fi hun aṣọ asibẹ́sítọ́ọ̀sì,
aṣọ tí iná ń wò tí kò lè jẹ.
Olùkọ́ kan sọ fún Mavis ní ilé ìkàwé
pé àwọn Gíríìkì ló sọ nǹkan náà lórúkọ,
pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni: èyí tí kò ṣeé pa.
Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Mavis kò rẹ́rìn-ín.
Ó ń gbọ́ ọ lóròòru láyà Clifford,
ohun tí kì í gbiná,
tó ń jó.

Lẹ́tà wo ni kó fá kúrò lára ìyẹn?