Oríkì Àpò Funfun

Ìdájí ní Tákíè, òtútù ṣì wà lára irin,
mo ti gbé tábìlì síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù:
bírò kan, kábọ̀nù kan, gílóòbù tó ń ṣẹ́jú.
Oyèdòkun awakọ̀ ní kí n ṣe kíá,
àpò mẹ́fà péré ni, ó ní iyọ̀ ni.

Mo tú ẹnu àpò kan wò.
Ó funfun bí iyọ̀. Kì í ṣe iyọ̀.
Kọ́sítíìkì ni, tí àwọn ọlọ́ṣẹ Ọ̀yọ́ ń dúró dè.
Mo ní, "Irú iyọ̀ wo ní í bó ọwọ́ ẹni tó bù ú?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Oníwèé, ẹ kọ ohun tó bá wù yín."

Kì í ṣe ohun tó wù mí ni mò ń kọ.
Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ;
inú àpò ni mo wò kí n tó sọ ẹrù yìí lórúkọ.
Gbogbo ẹrù ló ní oríkì,
gbogbo ẹrù ló ní èèwọ̀,
ẹni tó bá ní kò ní, ọ̀nà ló ń purọ́ fún.

Mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, kí ọmọ iléèwé lè kà á:

Ìwọ Ẹgbẹ̀sán-ó-lé-mẹ́tàlélógún,
nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè ọ́ láti Èkó dé òkè òkun,
afunfun-bí-iyọ̀-má-ṣeé-tọ́-wò,
ajẹran-ara-láìléyín.
Omi díẹ̀ kàn ọ́, o gbóná bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀;
omi púpọ̀ ni ẹni tí o bá ta sí lójú yóò fi ṣan ojú,
ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó má fọwọ́ ra á.
Ìwọ àti ásíìdì kì í sùn ní yàrá kan.
Ìwọ àti ìkòkò álúmíníọ̀mù, ọ̀tá ni yín.

Ibẹ̀ ni mo gbójú sókè.
Ìkòkò ìyàwó tuntun, méjìlá, ń dán
nínú ọkọ̀ kan náà, lábẹ́ tapólì tó ti ya,
òjò sì ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ìlọrin.
"Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀."
Èébú tí mo jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò lè kà á tán.

Múráínà, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ló ń tún ẹrù tò.
Ó dúró ti àwòrán tí mo lẹ̀ mọ́ àpò:
ọwọ́ kan, nǹkan ń kán sí i, ọwọ́ náà ń tán lọ.
"Ìyá, ọwọ́ ta nìyí?"
N kò dá a lóhùn.

Ní Másífà, nígbà tí mo wà lọ́mọdé,
inú ike ògì ni bàbá mi tọ́jú irú èyí sí,
kò kọ nǹkan kan sí i lára.
Àbúrò mi rò pé ṣúgà ni.
Ó ti tó ogójì ọdún.
Títí dòní, bí ẹni ń sọ àṣírí ló ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹta, Oyèdòkun padà dé.
"Ìwé mi dà?"
Ó wòkè, ó wolẹ̀.
Wọ́n ti fi wé àkàrà ní Odò Ọbà.
Kí n tó lanu, Múráínà ti dúró lẹ́yìn táyà,
ó ń ki Ẹgbẹ̀sán-ó-lé-mẹ́tàlélógún
bí ọmọ tó ń ki bàbá rẹ̀,
kò fo èèwọ̀ kan.

Àpò mẹ́rin mìíràn wà nílẹ̀ tó ń lọ.
Mo fa ìwé tuntun yọ, mo ki kábọ̀nù bọ̀ ọ́.
"Tún un wí, ọmọ. Díẹ̀díẹ̀.
Mò ń kọ ọ́."